Ṣéènì rọ́bà lára bíréésì: kí ló ń gba agbára rẹ̀?

Bí ẹ bá wọ bíréésì, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi ń to eyín, ṣéènì rọ́bà tí dókítà bá fi so eyín yín pọ̀ láàárọ̀ òní yóò ti pàdánù bí ìdajì agbára tó fi ń fà, nígbà mìíràn ju ìdajì lọ, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Kì í ṣe pé ẹ jẹ ohun tí kò yẹ kí ẹ jẹ. Kì í ṣe pé dókítà fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Bí irú rọ́bà yẹn ṣe rí nìyẹn, àwọn olùwádìí sì ti ń wọn àdánù náà láti nǹkan bí ọdún 1970.

Ọ̀rọ̀ tí ìbá jẹ́ ti yàrá ìwádìí nìkan ti wá di ọ̀rọ̀ àpò fún wa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà, ó sì já wálẹ̀. Bírákẹ́ẹ̀tì (ohun kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú eyín kọ̀ọ̀kan), wáyà, ṣéènì, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà náà fò sókè. Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tí wọ́n ní kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ń wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, òmíràn di oṣù mẹ́ta. Ṣéènì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu, kò já, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣá. Ó wá ń béèrè ìdí tí àlàfo ẹnu òun kò fi tíì dí.

Ìdí ni pé kí nǹkan má já kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ó máa fà. Ṣéènì lè wà lẹ́nu fún oṣù mẹ́ta láìjá, kó má sì ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ láti nǹkan bí oṣù kejì. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wọ bíréésì, àti òbí tó ń sanwó bíréésì ọmọ, mọ̀ dájú.

Òrùka rọ́bà kéékèèké tó so mọ́ra wọn ni ṣéènì yìí. Dókítà ń gé e ní ìwọ̀n tó fẹ́ láti ara ìdì rẹ̀, á sì fi òrùka kọ̀ọ̀kan kọ́ bírákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Nínú oríṣìí kan, òrùka fara kan òrùka. Nínú àwọn mìíràn, ọrùn kúkúrú tàbí ọrùn gígùn wà láàárín wọn. Òun ni wọ́n fi ń dí àlàfo tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín kan kí àwọn yòókù lè ráyè, òun ni wọ́n fi ń fa eyín ṣóńṣó igun ẹnu sẹ́yìn, òun náà ni wọ́n fi ń kó eyín iwájú tó tú ká jọ.

Kí ó tó dé ní àwọn ọdún 1960, rọ́bà tí a ń rí lára oje igi ni àwọn dókítà ń lò, irú èyí tí Charles Goodyear fi imí-ọjọ́ àti iná sọ di ohun tó ṣeé gbára lé ní ọdún 1839. Irú igi rọ́bà bẹ́ẹ̀ wà ní oko ní agbègbè Oǹdó àti Ẹdó títí dòní. Rọ́bà igi kò sì tíì kúrò nínú iṣẹ́ náà: òun ni aláìsàn ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ láti eyín òkè sí eyín ìsàlẹ̀, tó sì ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n pọliyúrétéènì ni wọ́n fi ń ṣe ṣéènì, ohun tí Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe jáde ní Jámánì ní ọdún 1937. Dókítà ló ń fi sí i, dókítà ló ń yọ ọ́, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ pé aláìsàn gbàgbé. Owó rẹ̀ pọ́ọ́kú, kì í gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í gba àkókò láti fi sí, ẹni tí ara rẹ̀ kọ oje igi rọ́bà lè lò ó, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń wu àwọn ọmọdé. Àǹfààní wọ̀nyí ni wọ́n fi gba àléébù rẹ̀ mọ́ra.

Ohun tí eyín ń fẹ́

Kí a tó lè sọ bóyá àdánù náà burú, ó yẹ kí a mọ ìwọ̀n agbára tí eyín nílò. Eyín kò lẹ̀ mọ́ eegun. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníṣan kan wà láàárín gbòǹgbò rẹ̀ àti eegun, tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ. Bí agbára kékeré bá ń ti eyín sí apá kan láìdáwọ́dúró, awọ náà á fún ní apá tí eyín ń lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eegun ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní apá tí eyín ti ń bọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń fi eegun tuntun dí ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń rìn, bíi mìlímítà kan lóṣù.

Bí agbára náà bá pọ̀ jù, nǹkan á yí padà. Carl Sandstedt, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti fi hàn nínú iṣẹ́ tó ṣe lára ajá, tó sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1904, pé agbára ńlá ń fún awọ yẹn pa: ẹ̀jẹ̀ kò débẹ̀ mọ́, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kú, eyín dúró gbári títí ara á fi gba ẹ̀yìn eegun jẹ ọ̀nà wọlé. Ní ọdún 1932, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Schwarz gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀, pé 20 sí 26 gíráàmù lórí sẹ̀ntímítà kan níbùú-lóòró gbòǹgbò ló dára jù, nítorí pé ìwọ̀n yẹn kò ju agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba inú òpó tín-ín-rín lọ. Àwọn èèyàn ti bá ìwọ̀n náà jiyàn látìgbà yẹn, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ kò tíì yẹ̀: agbára tó kéré, tó sì wà níbẹ̀ láìdáwọ́dúró, ló ń mú eyín rìn. Fún eyín ṣóńṣó tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, 100 sí 200 gíráàmù ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò. Agbára tó pọ̀ jù, tó sì pẹ́, lè mú kí orí gbòǹgbò máa jẹ dànù, èyí kì í sì í hù padà.

Nítorí náà, ibi tó yẹ kí ṣéènì dúró sí kò fẹ̀. Bó bá ti kọjá òkè rẹ̀, ó ń pa awọ. Bó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, eyín kò gbọ́ ohunkóhun. Ohun èlò tó ń pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ni a sì ń sọ pé kó máa ṣe iṣẹ́ yìí.

Inú rọ́bà náà

Okùn gígùn-gígùn ti mólékù ni pọliyúrétéènì. Apá kan okùn náà rọ̀, apá kan le. Apá tó rọ̀ ló ń nà nígbà tí a bá fà á. Àwọn apá tó le ló ń di ara wọn mú láti okùn kan sí èkejì, kí gbogbo rẹ̀ má baà yọ̀ kúrò lára ara wọn. Ìdè háídírójìn ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi di ara wọn mú, ìdè yìí kò sì lágbára tó èyí tí imí-ọjọ́ ń ṣe láàárín okùn rọ́bà igi.

Nígbà tí ṣéènì bá wà ní nínà, àwọn ìdè wọ̀nyẹn ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn ń yọ̀ lára okùn, wọ́n á sì tún di ara wọn mú níbi tuntun tí kò fún wọn lára mọ́. Gígùn rẹ̀ lẹ́nu kò yí padà, ṣùgbọ́n ìfà tó wà nínú rẹ̀ ń rọlẹ̀. Ojú aráyé ti rí i lára rọ́bà ìdí ṣòkòtò: ẹ nà án yí ìdí àga ká kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé kò já, ṣùgbọ́n kò mú ìdí ṣòkòtò dúró mọ́. Omi wá bọ́ sí i. Ẹnu kì í gbẹ, pọliyúrétéènì sì ń mu omi. Mólékù omi ń wọ àárín àwọn apá tó le, ó ń gba ipò ìdè háídírójìn wọn, yíyọ̀ náà á sì túbọ̀ rọrùn. Ooru ẹnu, tó jẹ́ bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ń bá wọn ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ṣéènì tí wọ́n nà síta nínú afẹ́fẹ́ lásán fi ń pa agbára mọ́ ju èyí tó wà nínú omi lọ, tí èyí tó wà lẹ́nu èèyàn sì máa ń pàdánù ju èyí tó wà nínú omi lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí Ash àti Nikolai ṣe rí i ní ọdún 1978.

Ohun méjì ni kí a má ṣe pò pọ̀ níbí. Agbára tí ṣéènì lè gbà kó tó já jẹ́ ọ̀rọ̀ kan: wọ́n ń wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀rọ tó ń fà á títí tí yóò fi fàya, ṣéènì tó dára sì máa ń nà lọ ré kọjá ohun tí ẹnu èèyàn nílò kó tó já. Agbára tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó ti wà ní nínà fún wákàtí, ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Bírándì kan lè le jù nínú ìdánwò àkọ́kọ́, kó sì kẹ́yìn nínú èkejì. Ẹni tó ń ra ọjà fún ilé ìwòsàn tó kàn fi ọwọ́ fà á wò, tó ní “eléyìí le dáadáa”, èyí àkọ́kọ́ nìkan ló dán wò. Ìlànà àgbáyé kan wà fún ohun èlò wọ̀nyí, ISO 21606, tó jáde ní ọdún 2007. Ó wù mí kí àwọn tó ń ra ọjà lọ́pọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún wọn bóyá ọjà rẹ̀ tẹ̀lé e.

Iye tó ń lọ, iye tó ń kù

Andreasen àti Bishara, ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ni ìwádìí wọn ti ọdún 1970 di ohun tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí. Wọ́n na ṣéènì oníke tó wà lọ́jà nígbà náà, wọ́n na rọ́bà igi, wọ́n sì ń wọn agbára wọn. Lẹ́yìn wákàtí 24, ṣéènì ti pàdánù bí ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Rọ́bà igi pàdánù bí ìdá 42. Ní ọdún 1975, Hershey àti Reynolds rí i pé àdánù ọjọ́ kìíní tó ìdajì, àti pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ìdá 40 ló ṣẹ́ kù. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú ọjà tuntun, ṣì ń bọ́ sí agbègbè kan náà: ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kìíní, pàápàá ní wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìrọ̀lẹ̀ náà á fà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó wúlò jù nínú iṣẹ́ Hershey àti Reynolds ni pé wọn kò fi ṣéènì sílẹ̀ ní gígùn kan. Wọ́n ń sún ibi tí wọ́n kọ́ ọ mọ́ súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí eyín gidi ṣe ń súnmọ́ra lẹ́nu. Nígbà náà, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n mú kó yára sún, ó di bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn iye yẹn ṣe ìṣirò. Dókítà na ṣéènì títí tó fi ń fa 400 gíráàmù. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di bí 200. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, eyín ti rìn bíi mìlímítà kan, agbára tó kù wà láàárín 100 sí 130. Ó ṣì wà níbi tí eyín lè gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń kan ìsàlẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tó ń pa á kì í ṣe rọ́bà tó ń rọ nìkan. Bí eyín bá ṣe ń súnmọ́ ara wọn, nínà tó wà nínú ṣéènì ń tán, rọ́bà tó ti gùn ju bó ṣe wà nínú páálí lọ kò sì ní ibi tó fẹ́ fà sí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó lè jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń di eyín mú síbi tó wà.

Èmi kò sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ òfin tí a kò gbọdọ̀ rékọjá. Àwọn dókítà kan ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eyín àwọn aláìsàn wọn sì ń rìn. Ní ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti ilé ìwòsàn pa káàkiri ayé, eyín ẹnikẹ́ni kò já bọ́ nítorí pé ṣéènì rẹ̀ rọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ṣéènì kan náà kì í ṣe ìtọ́jú oṣù mẹ́ta. Ó sún mọ́ ìtọ́jú oṣù kan àti ààbọ̀, pẹ̀lú rọ́bà tó ti di ibùgbé kòkòrò àti ẹ̀gbin oúnjẹ fún ìyókù. Ẹran ìdí eyín tó wú, àmì funfun lára eyín nígbà tí wọ́n bá yọ bíréésì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí a fà á le sí i?

Andreasen àti Bishara fúnra wọn dá a lábàá pé kí a fi ìlọ́po mẹ́rin agbára tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó lè rọ̀ dé ibi tó yẹ. Lórí ìwé, ìṣirò náà pé. N kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú lásán ṣe é lónìí. Àkọ́kọ́, ọjà òde òní kì í pàdánù tó ti ọdún 1970, nítorí náà ìlọ́po mẹ́rin lè kù sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù. Èkejì, wákàtí àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí agbára ga jù, ni aláìsàn ń jẹ̀rora. Ẹ̀kẹta, bírándì yàtọ̀ sí bírándì, oríṣìí tí òrùka rẹ̀ fara kan òrùka yàtọ̀ sí èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn, aláwọ̀ sì lè yàtọ̀ sí èyí tí kò ní àwọ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ etí ṣéènì tó sì ń sọ iye gíráàmù tó ń fà. Kò wọ́n púpọ̀. Ó yẹ kó wà lórí tábìlì gbogbo ilé ìwòsàn tó ń to eyín, kí ọwọ́ dókítà sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń na ṣéènì kí wọ́n tó fi sí ẹnu, kí àdánù àkọ́kọ́ lè ṣẹlẹ̀ síta. Ìwádìí ti ọdún 1979 méjì fi hàn pé ó ń ran àwọn ọjà kan lọ́wọ́ díẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò tó ohun tí a lè fi rọ́pò pípadà wá sí ilé ìwòsàn. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe rọ́bà náà. Pọliyúrétéènì kan wà tó ń yọ́ bí a bá fi iná sí i. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi ìdè gidi so okùn rẹ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tí kò ní yọ́ mọ́. Èyí kejì ń pa agbára mọ́ dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wọ́n díẹ̀ jù, ṣùgbọ́n fún aláìsàn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí a mọ̀ pé kò ní lè tètè padà, owó yẹn tọ́ sí i.

Ní ti oúnjẹ àti ohun mímu, ìbẹ̀rù pọ̀ ju ohun tí ìwádìí sọ lọ. Ní ọdún 1985, De Genova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ṣéènì láti omi tútù sí omi gbígbóná léraléra. Àdánù rẹ̀ kéré sí ti èyí tó dúró sójú kan nínú omi ìwọ̀n 37. Nítorí náà, ẹ̀kọ gbígbóná àti omi tútù kọ́ ni ọ̀tá ṣéènì. Ìwádìí ọdún 1990 ti Ferriter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé omi tó ní ẹ̀kan kì í jẹ́ kí agbára tètè lọ tó omi tí kò ní ẹ̀kan. Ẹ má fi ìyẹn gba ara yín láyè láti máa mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò o: eyín fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kan àti ṣúgà ń jẹ lábẹ́ bírákẹ́ẹ̀tì. Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni omi ìfọnu tó ní ọtí nínú. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2012 rí i pé ọtí ń mú kí àdánù agbára pọ̀ sí i, àwọn èyí tí kò ní ọtí sì wà lọ́jà. Epo pupa àti kọrí ń pa àwọ̀ ṣéènì funfun dà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó yí padà kò sọ ohunkóhun nípa agbára tó kù.

Sípíríǹgì ńkọ́?

George Andreasen kan náà tó wọn ṣéènì ní ọdún 1970 ló mú wáyà nickel àti titanium wọ inú iṣẹ́ títo eyín ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irin náà. Ẹni tó ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ bí rọ́bà ṣe ń rọ lóru kan, kò yani lẹ́nu pé ohun tó lè máa fà láìyí padà ló ń wá. Láti ara irin yẹn ni wọ́n ti ṣe sípíríǹgì tí wọ́n fi ń dí àlàfo lónìí: ó lè nà jìnnà, agbára rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe ń padà.

Ó yẹ kó fi rọ́bà sílẹ̀ gbalaja. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002, Dixon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì wọn bí àlàfo ṣe ń dí. Àwọn tí wọ́n lo sípíríǹgì dí mìlímítà 0.81 lóṣù, àwọn tó lo ṣéènì dí 0.58, àwọn tó lo wáyà tí wọ́n fi rọ́bà kan so dí 0.35. Wọ́n ní sípíríǹgì ló yára jù, ṣùgbọ́n pé ṣéènì jẹ́ ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré tó sì ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Nightingale àti Jones rí mìlímítà 0.26 lọ́sẹ̀ fún sípíríǹgì àti 0.21 fún ṣéènì, ìyàtọ̀ tí kò tó ohun tí a lè gbé ìpinnu kà.

Lójú tèmi, èyí ni ìròyìn ayọ̀ inú ọ̀rọ̀ yìí fún ilé ìwòsàn wa. Ohun èlò tó ń rọ tó báyìí ṣì ń gbé eyín débi tó yẹ, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyẹn, aláìsàn ń padà wá lásìkò. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò, ìfiwéra náà kò kan wa mọ́. Ẹni tí yóò máa wá ní oṣù méjì-méjì, sípíríǹgì ni kí ó béèrè, bí apá rẹ̀ bá ká a.

Èjí àti rọ́bà àrà ọwọ́

Ibì kan wà tí gbogbo àlàyé yìí ti ń di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú eyín. Láàárín wa, èjí jẹ́ ẹwà; ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i, dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń béèrè kó tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn fẹ́ dí àlàfo wọn, owó bíréésì sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí ẹni tó ń ta rọ́bà kéékèèké, tàbí fídíò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi rọ́bà yí eyín iwájú méjì ká lóru.

Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Kò sí bírákẹ́ẹ̀tì tó di rọ́bà náà mú sójú kan. Gbòǹgbò eyín fẹ̀ lókè, ó sì ń tín-ín-rín lọ sí ìdí, nítorí náà ńṣe ni rọ́bà ń yọ̀ lọ sí ibi tó tín-ín-rín jù, ó ń wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín. Lọ́jọ́ kan ẹ ó wá a tì, ẹ ó rò pé ó bọ́ sọnù lójú oorun. Abẹ́ ẹran ló wà, ó ń gun gbòǹgbò lọ, ó ń jẹ awọ àti eegun tó di eyín mú. Àwòrán ẹ̀rọ (X-ray) kì í sábà fi rọ́bà hàn, nítorí náà bí aláìsàn kò bá sọ ohun tó ṣe, dókítà lè rò pé àrùn ìdí eyín lásán ni. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ti wà nínú àkọsílẹ̀ ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nínú àwọn kan, eyín iwájú méjèèjì ló lọ. Bí ẹ bá ti ṣe é rí, tí rọ́bà kan sì sọnù lọ́nà tí kò yé yín, ẹ lọ sọ fún dókítà eléyín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má tijú rárá.

Fún ẹni tó ti wà lọ́wọ́ ìtọ́jú, ìbéèrè tó wúlò jù tí ẹ lè bi dókítà yín ni iye gíráàmù tí ṣéènì náà ń fà nígbà tó fi sí i, àti ọjọ́ tó fẹ́ kí ẹ padà wá. Bí owó tàbí ọ̀nà bá le, ẹ sọ ọ́ kó tó gé ṣéènì, nítorí pé ó lè yan ohun mìíràn fún yín. Bí ṣéènì bá já kí ọjọ́ yín tó pé, ẹ tẹ ilé ìwòsàn láago. Bí ẹ kò bá lè lọ kíákíá, ẹ fi síbẹ̀ bí kò bá gún yín, kí ẹ má ṣe so ó fúnra yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́, ẹ máa fọ eyín yín dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n máa fi tuntun sí i. Eyín tó rìn díẹ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè tún un fà. Wáyà tó bá yọ tó ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ẹ má ṣe dúró dè: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.